Sound module tòkunbọ̀: ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí owó ẹgbẹ́ tó jáde

Kò sí àjọ̀dún ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá lókè ọya tàbí nílẹ̀ Ìgbò tí wọn kì í ti í kọrin. Ìdúpẹ́ ni o, ìsìnkú àgbà ni o, ìwúyè olóyè ni o, ẹ máa rí gángan, gìtá, ìlù òyìnbó, àti ẹnì kan tó jókòó ti kíbọ́ọ̀dù. Ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ni wàhálà máa ń wà. Kíbọ́ọ̀dù tuntun tí ohùn rẹ̀ dùn, owó rẹ̀ ti ju ohun tí ẹgbẹ́ kékeré lè dá jọ lẹ́ẹ̀kan lọ. Èyí tí apá ká, ohùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ohun ìṣeré ọmọdé. Ọ̀nà kan wà láàárín méjèèjì: kí ẹ tọ́jú kíbọ́ọ̀dù tí ẹ ní, kí ẹ wá ra àpótí irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní sound module, èyí tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, kí ẹ so ó mọ́ ọn.

Ọ̀nà tó dára ni, àmọ́ ó ní kòtò. Owó àdájọ ni owó ẹgbẹ́, ẹni tí wọ́n bá sì rán lọ rà á ni gbogbo ilé máa wò lójú bí ẹrù bá dé tí kò fọhùn. Ohun tí a kọ sísàlẹ̀ yìí wà fún ẹni bẹ́ẹ̀.

Kí ni module gan-an?

Ẹ mú kíbọ́ọ̀dù, ẹ yọ gbogbo eyín funfun àti dúdú rẹ̀ kúrò, ẹ kó ìyókù sínú àpótí irin. Module nìyẹn. Gbogbo ohùn wà nínú rẹ̀, dùùrù, fèrè, gìtá, gòjé òyìnbó, ìlù, ṣùgbọ́n kò ní ibi tí èèyàn ó tẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù tó wà níta ló máa pàṣẹ fún un, wáyà tó so àwọn méjèèjì pọ̀ la sì ń pè ní wáyà MIDI.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983 ni MIDI kọ́kọ́ hàn sí gbogbo èèyàn, níbi ìpàtẹ ọjà NAMM ní Kalifọ́níà. Wọ́n so kíbọ́ọ̀dù Prophet-600 tí ilé iṣẹ́ Sequential Circuits ní Amẹ́ríkà ṣe mọ́ Jupiter-6 tí Roland ṣe ní Japan, ọ̀kan sì ń mú èkejì fọhùn. Ilé iṣẹ́ méjì tó ń bá ara wọn du ọjà ni wọ́n gbà láti sọ èdè kan náà, ohun tí a kì í sábà rí. Dave Smith àti Ikutaro Kakehashi tó wà nídìí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Grammy ti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní 2013.

Ohun tó yẹ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé wáyà MIDI kì í gbé ohùn. Iṣẹ́ ló ń jẹ́. Ó ń sọ eyín tí wọ́n tẹ̀, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ le tó, àti ìgbà tí wọ́n gbé ọwọ́ kúrò. Bí ẹni rán ọmọ sí onílù ni: ọmọ ò gbé ìlù lọ, ọ̀rọ̀ ló gbé lọ, onílù ló máa lùlù. Nítorí pé ọ̀rọ̀ lásán ni, èdè 1983 yẹn ṣì yé ẹ̀rọ òní, kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe lánàá sì lè pàṣẹ fún module 1988 láìsí ìjà. Wáyà kan ṣoṣo ní ṣánẹ́ẹ̀lì 16, èyí tó túmọ̀ sí pé module tó bá lágbára lè máa lu ìlù, ta báàsì, tẹ dùùrù kó sì fun fèrè lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ṣánẹ́ẹ̀lì tirẹ̀.

Ní 1991, àwọn ilé iṣẹ́ tún fẹnu kò lórí òfin kan tí wọ́n pè ní General MIDI. Wọ́n to ohùn 128 sí nọ́ńbà, kí nọ́ńbà kan má bàa jẹ́ dùùrù lára ẹ̀rọ kan kó tún wá jẹ́ kàkàkí lára òmíràn. Ṣánẹ́ẹ̀lì 10 ni wọ́n fi fún ìlù. Ẹ wo nọ́ńbà 114 nínú ìwé yẹn: “Agogo” ló wà níbẹ̀. Agogo wa náà ni o, tó bá àwọn baba ńlá wa wọ ọkọ̀ lọ sí Brazil, tí àwọn ará ibẹ̀ ń lù ú nínú samba, tó sì ti ibẹ̀ dé inú ẹ̀rọ Japan. Ó tún wà nínú ìlù: lórí ṣánẹ́ẹ̀lì 10, eyín G tó wà lókè C àárín ni agogo tó ké tínrín, èyí dúdú tó tẹ̀ lé e ni agogo tó ké nípọn. Ẹ rántí eyín méjì yẹn, a máa lò wọ́n bí a bá dé ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò.

Èwo ni kí á rà?

Bí ẹ bá bi mí, tó jẹ́ pé ẹyọ kan lowó ká, Roland JV-1080 ni màá ní kí ẹ wá. Ọdún 1994 ló jáde. Ohùn 64 ló lè jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń gba gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì 16, dùùrù rẹ̀, òpó rẹ̀ àti fèrè rẹ̀ sì wà lẹ́nu iṣẹ́ dòní ní ilé ìjọsìn àti ibi ìgbohùnsílẹ̀ lóríṣiríṣi. Àyè mẹ́rin wà nínú rẹ̀ tí wọ́n lè ki páálí ohùn tí wọ́n ń pè ní SR-JV80 bọ̀. Àbúrò rẹ̀, JV-2080 ti 1997, ní àyè mẹ́jọ, ojú rẹ̀ sì tóbi ju ti ẹ̀gbọ́n lọ. Ẹ má gbà gbọ́ bí ọlọ́jà bá sọ fún yín pé páálí mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Ẹ ní kó tẹ ohùn ibẹ̀ jáde. Àwọn kan máa ń yọ páálí náà tà lọ́tọ̀, nítorí òun nìkan lówó lórí.

Korg M1R ni wọ́n ṣe láti inú M1, kíbọ́ọ̀dù 1988 tó gba gbogbo ayé kan nígbà náà. Bí ẹ bá fẹ́ dùùrù àti ọ́gáànù tó ń dún gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n bí ti orin ijó ìparí 1980 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1990, òun ni. Ìgbà yẹn náà ni Shina Peters gbé Ace jáde, ní 1989, tí jùjú wá ń sáré. Àmọ́ ohùn 16 péré ni M1R ní, bí ẹ bá sì lo àwọn ohùn rẹ̀ tí wọ́n dà pọ̀ ní méjì-méjì, á di 8.

Nọ́ńbà ohùn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfẹnusọ. Atẹdùùrù tó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ kíbọ́ọ̀dù, tó sì fẹsẹ̀ tẹ ohun ìfàgùn lẹ̀, ti lo ohùn mẹ́wàá kí ó tó ṣẹ́jú. Bí module bá ti lo gbogbo tirẹ̀ tán, yóò gé èyí tó ti ń dún tẹ́lẹ̀ kó lè rí àyè fún tuntun. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń pè ní “ó ń já orin” nìyẹn, tí wọ́n á wá ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn.

Yamaha TX81Z ti 1987, ohùn 8 ló ní. Báàsì rẹ̀ dára gan-an, ohùn agogo rẹ̀ àti ti ọ́gáànù kò burú, dùùrù inú rẹ̀ ni kò jọ dùùrù. Ẹ rà á bí ẹ bá ti ní òmíràn, kò yẹ kó jẹ́ àkọ́rà. Roland SC-55 ti 1991 jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé òfin General MIDI, ohùn 24 ló ní, ó sì dára fún ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ orin tí wọ́n ti kọ sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ẹnu wáyà rẹ̀ sí míkísà dà bíi ti fídíò àtijọ́, kì í ṣe ẹnu gìtá, nítorí náà wáyà tirẹ̀ yàtọ̀. E-mu Proteus/1 ti 1989 ní ohùn 32, Proteus 2000 tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà ní 128, ẹrù tó dára sì ni bí ẹ bá bá a pàdé.

Ẹ ó gbọ́ tí wọ́n á sọ pé kí ẹ kúkú ra kọ̀ǹpútà. Òótọ́ wà níbẹ̀. Roland àti Korg fúnra wọn ń ta JV-1080 àti M1 báyìí gẹ́gẹ́ bí ètò orí kọ̀ǹpútà, bí atẹdùùrù yín bá sì ti ní kọ̀ǹpútà tó lágbára, ẹ gbìyànjú ìyẹn ná. Ṣùgbọ́n níbi òde tí jẹnẹrétọ̀ ń kú tó ń jí, module á ti padà sẹ́nu iṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì ń ronú. Kò sì sí ẹni tó ń pe module lórí fóònù nígbà tí àlùfáà ń gbàdúrà.

Ohun kan tí kò sí module tó lè ṣe: gángan. Mi ò tíì gbọ́ ọ̀kankan tó sọ̀rọ̀ bí ìlù wa ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹ máa tọ́jú onílù yín.

Iná, ibi tí owó ti ń jó

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ kà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ module ti ń kú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ó dé ilé.

Iná tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ fólítì 230. Tòkunbọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà ń fẹ́ 117 tàbí 120, èyí tó wá láti Japan ń fẹ́ 100. Bí ẹ bá ki èyíkéyìí nínú méjèèjì bọ iná NEPA tààrà, ẹ ó gbọ́ “pàì”, ẹ ó rí èéfín, ọ̀rọ̀ sì parí. Bí Ọlọ́run bá ṣàánú, fíúsì nìkan ló lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tiransífọ́mà inú rẹ̀ ti jó nìyẹn. Ẹ má fi ẹnu ẹlẹ́rù ṣe ẹ̀rí. Ẹ yí ẹ̀yìn module sí òkè, ẹ wo ibi tí wáyà iná ti wọlé tàbí abẹ́ rẹ̀, wọ́n máa ń kọ fólítì sí i: 100V, 117V, 120V, 230V tàbí 240V. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni òótọ́. Orí wáyà iná kò lè jẹ́rìí, torí wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jà.

Ọgbọ́n kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà tòkunbọ̀ ní tiransífọ́mà tó ń sọ iná di 110 lábẹ́ tábìlì wọn, ibẹ̀ ni gbogbo ẹrù ìdánwò wọn ń jẹun. Module á fọhùn dáadáa níwájú yín, ẹ ó sanwó, ẹ ó gbé e lọ sílé, kò sì sẹ́ni tó sọ ohunkóhun fún yín nípa iná. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe é láti fi jẹni níyà. Ó ti mọ́ wọn lára débi pé wọn kì í rántí. Ìbéèrè tí ẹ máa bi wọ́n ni: “Iná wo ló ń lò? Ṣé kò sí tiransífọ́mà láàárín?” Ẹ tọ wáyà náà pẹ̀lú ojú yín dé ibi tí ó parí sí.

Kò burú bí ó bá jẹ́ ti 117. Ẹ ra tiransífọ́mà tirẹ̀ pẹ̀lú. Module kì í jẹ iná púpọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ju wáàtì 30 lọ, nítorí náà tiransífọ́mà wáàtì 100 ti tó, kò sí ìdí láti ra gìrìwò. Ti Japan ló nílò ìṣọ́ra díẹ̀ sí i: tiransífọ́mà tó ń gé 220 sí 110 á gbé nǹkan bí 120 jáde lọ́jọ́ tí iná bá gòkè dé 240, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ 100 á sì máa gbóná. Ẹ wá èyí tó ń gbé 100 jáde, tàbí kí ẹ fi stabilizer síwájú rẹ̀. Ẹ lẹ ìwé mọ́ orí wáyà náà, kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà pé iná NEPA kò gbọdọ̀ kàn án, torí ọjọ́ kan á wà tí ọmọ tó ń bá yín to ẹrù á fẹ́ ran yín lọ́wọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní London, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀. Iná wọn níbẹ̀ àti tiwa dọ́gba, ẹnu wáyà wọn onígun mẹ́rin mẹ́ta náà ló wà lára ògiri wa. Module tó ti Gẹ̀ẹ́sì wá kò nílò tiransífọ́mà kankan.

Àwọn kéékèèké bíi SC-55 àti MT-32 kì í gba iná tààrà, adápítọ̀ ni wọ́n ń lò. Ti Roland méjèèjì yìí, fólítì 9 ni, àárín ẹnu adápítọ̀ náà ni odi, ìta ni àfikún. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn máa ń yí i padà. Àmì kékeré kan máa ń wà lára ẹ̀rọ tó ń fi èyí hàn, ẹ fi wé àmì ara adápítọ̀ kí ẹ tó ki i bọ̀. Alesis tún wá ní tirẹ̀: D4 àti DM5, tó jẹ́ module ìlù, adápítọ̀ fólítì 9 tó ń gbé iná AC jáde ni wọ́n fẹ́, kì í ṣe DC bíi ti rédíò. Adápítọ̀ tí ẹ bá rí nínú àpò ṣáà ti wọ inú ihò náà kò túmọ̀ sí pé òun ni.

Bátìrì inú rẹ̀

Bátìrì kékeré kan bí owó ẹyọ wà nínú ọ̀pọ̀ module, CR2032 ni orúkọ rẹ̀, fólítì 3. Òun ló ń bá ẹ̀rọ rántí nǹkan nígbà tí iná kò sí. Bí ó bá ti pẹ́, ẹ̀rọ á máa gbé ọ̀rọ̀ jáde lójú rẹ̀ pé bátìrì ti fẹ́ tán, tàbí kí ohùn tí ẹ tò lálẹ́ àná má sí mọ́ ní òwúrọ̀.

Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ẹ̀rọ kan sí òmíràn níbí. JV-1080 ní ohùn rẹ̀ tí wọ́n fín sínú rẹ̀ títí ayé, èyí tí olórin tò fúnra rẹ̀ nìkan ni yóò lọ bí bátìrì bá kú. M1R kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo àtòjọ ohùn rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ bátìrì. Bí bátìrì bá kú, ẹ máa tan ẹ̀rọ, ẹ máa rí orúkọ tí kò nítumọ̀, ohùn á di rúdurùdu, títí tí ẹ ó fi fi kọ̀ǹpútà tàbí káàdì dá ti ilé iṣẹ́ padà sínú rẹ̀. Ẹlòmíì ti ta M1R tó dá ṣáká ní owó irin nítorí èyí, torí ó rò pé ó ti kú. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, tí ẹ sì ní ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà, ọjà nìyẹn.

Pípààrọ̀ bátìrì kò le, bí ó bá wà nínú ilé tirẹ̀. Nínú àwọn kan, wọ́n jó o mọ́ pátákó ni, ẹ gbé ìyẹn fún oníṣẹ́ rédíò tó mọ iṣẹ́, kó jó ilé bátìrì síbẹ̀ kó wá ki bátìrì bọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà. Kó má fi iná lẹ́ẹ̀dì jó ara bátìrì fúnra rẹ̀ o, ó lè bú. Kó yọ wáyà iná kúrò lára ògiri kó tó ṣí i, kó sì fọwọ́ kan irin kí iná ara rẹ̀ tó kan pátákó, pàápàá lásìkò ọyẹ́ ní òkè ọya, nígbà tí aṣọ ń ta pàrà lára èèyàn.

Níwájú ọjà

Ẹ gbé kíbọ́ọ̀dù tiyín lọ, wáyà MIDI tiyín, íápíìsì tiyín. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé ti ọlọ́jà, ohun tí ọlọ́jà fẹ́ kó gbọ́ ló máa gbọ́.

Ní ti wáyà MIDI, ẹ wo ẹ̀yìn kíbọ́ọ̀dù yín kí ẹ tó kúrò nílé. Ihò róbótó tó ní ihò kéékèèké márùn-ún ni MIDI àtijọ́. Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù tuntun olówó pọ́ọ́kú, bíi Yamaha PSR-E ìsinsìnyí, kò ní i mọ́, USB nìkan ni wọ́n ní, USB yẹn sì ń retí kọ̀ǹpútà. Wáyà kan lásán kò lè so ó mọ́ module. Ẹ ó nílò àpótí kékeré tó ń ṣe bí kọ̀ǹpútà láàárín wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní USB MIDI host, tàbí kí ẹ fi kọ̀ǹpútà tàbí fóònù Android sáàárín. Owó ìyẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò láti ilé. Mo rò pé òun ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn sọ pé “module ò ṣiṣẹ́” nígbà tí module kò ṣẹ ẹnì kankan.

OUT kíbọ́ọ̀dù ló ń wọ IN module. Bí kò bá fọhùn, ẹ kọ́kọ́ wo ṣánẹ́ẹ̀lì méjèèjì bóyá wọ́n bá ara wọn mu. Bí ó bá fọhùn, ẹ má jẹ́ kí orin ìpolówó tí wọ́n ti tò sínú rẹ̀ tàn yín, ó ń fi hàn pé ohùn wà ni, kò sọ pé ẹnu MIDI rẹ̀ yè. Ẹ gba ṣánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan wò. Ẹ lọ sí 10, ẹ tẹ eyín agogo méjèèjì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Nínú module tó tẹ̀ lé General MIDI, agogo gbọ́dọ̀ ké. Ẹ di eyín mẹ́wàá mú pọ̀, kí ẹ gbọ́ bóyá ohùn kan ń ya kúrò. Ẹ ki wáyà bọ gbogbo ẹnu tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe apá òsì nìkan, kí ẹ sì mì í díẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń ha kṣí-kṣí.

Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnì, gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹ yí kókó tó ń pààrọ̀ ohùn síwájú sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀: bí nọ́ńbà bá ń fò láti 12 sí 15, tó tún padà sí 13, kókó náà ti jẹ. Eruku ọyẹ́ máa ń fa èyí, a lè fọ̀ ọ́ tàbí pààrọ̀ rẹ̀, àmọ́ ẹ fi sínú ìdíyelé. Ojú tó ti ṣú díẹ̀ kì í ṣe àbùkù ńlá bí ẹ bá ṣì lè kà á, torí iná ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń rẹ̀ bí ọdún ti ń lọ. Ojú tí ìlà rẹ̀ ti gé, tí apá kan lẹ́tà kò hàn, ìyẹn ṣòro láti tún ṣe.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ sórí iná fún wákàtí kan. Àìsàn tó ń fara pa mọ́ nígbà tí ẹ̀rọ tutù máa ń jáde bí ó bá gbóná. Ọlọ́jà lè bínú. Ẹ ra omi tútù fún un, ẹ jókòó. Ooru ìyàrá ọlọ́jà ní Èkó kò tó ti Kánò ní oṣù kẹrin, bí kò bá lè fara da wákàtí kan níbẹ̀, kò lè fara da òde tiyín. Bí ẹ bá gbọ́ hùùù nínú sípíkà, ẹ má tíì dá ẹ̀rọ lẹ́bi, jẹnẹrétọ̀ àti wáyà búburú náà ń fà á. Ẹ fi íápíìsì gbọ́ ọ láti ojú ihò tirẹ̀. Bí hùùù bá ṣì wà níbẹ̀, àrùn inú ẹ̀rọ ni.

Ẹ wo orí súkúrù. Bí wọ́n bá ti jẹ, ẹnì kan ti ṣí i rí. Ẹ béèrè ìdí.

Bí ọjà bá wà ní Èkó, tí ẹ̀yin sì wà lókèèrè

Alábà ló kún jù, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹni tó wà ní Jọ́ọ̀sì tàbí Pọtá kò lè lọ síbẹ̀ nítorí ẹrù kan. Ohun tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn rí àwòrán lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó fi owó ránṣẹ́, kó máa retí ọkọ̀. Mi ò fọwọ́ sí i. Àwòrán kì í fọhùn. Ẹgbẹ́ wo ni kò ní ọmọ tàbí àna kan ní Èkó? Ẹ wá atẹdùùrù kan níbẹ̀ nípasẹ̀ rẹ̀, ẹ fún un ní owó ọkọ̀ àti owó ọwọ́, kó lọ bá yín yẹ̀ ẹ́ wò bí a ti kọ ọ́ sókè. Owó kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó máa jóná.

Bí kò bá sí ẹnì kankan rárá, ẹ ní kí ọlọ́jà pè yín lórí fídíò, kí ó tan ẹ̀rọ lójú yín, kí ó kọ orúkọ ẹgbẹ́ yín àti déètì ọjọ́ náà sórí ìwé, kí ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ojú module tó ń tàn, kí ó sì yí i padà kí ẹ ka fólítì àti nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí ẹrù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní lè ṣe é. Ẹ bá a ṣàdéhùn lórí ìwé tàbí WhatsApp pé ọjọ́ mélòó ni ẹ ní láti dá a padà, àti ta ni yóò san owó ọkọ̀ ìpadàbọ̀. Kí rìsíìtì wà ní orúkọ ẹgbẹ́, kì í ṣe orúkọ ẹni tó lọ rà á, kí nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀rọ sì wà nínú rẹ̀.

Rìsíìtì yẹn ní iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n ń jí ẹ̀rọ orin gbé nínú ṣọ́ọ̀ṣì káàkiri, ẹrù olè sì máa ń rìn jìnnà. Àwa tí a jẹ́ àlejò níbi tí a ń gbé, a ò gbọ́dọ̀ di ẹni tí wọ́n ká ẹrù olè mọ́ lọ́wọ́ láìní ìwé tí a lè fi hàn. Bí owó rẹ̀ bá rọ̀ jù, tí ọlọ́jà kò sì fẹ́ kọ rìsíìtì, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Kí wọ́n tó fi wéébíìlì ránṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n fi fóòmù nípọn wé e yíká, kí ó má kan ara páálí níbì kankan, kí kókó iwájú rẹ̀ má wà ní ẹ̀gbẹ́ tí ẹrù mìíràn máa tì. Tiransífọ́mà gbọ́dọ̀ wà nínú páálí tirẹ̀ lọ́tọ̀, torí irin tó wúwo ni, bí ọkọ̀ bá já sí kòtò, òun ló máa fọ́ module. Ní gáréèjì, ẹ ṣí i níwájú awakọ̀, ẹ ya fídíò rẹ̀ bí ẹ ti ń ṣí i.

Nígbà tó bá délé

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó, ẹ tọ́jú ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Module lè fi gbogbo àtòjọ ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ jáde láti ẹnu MIDI OUT, SysEx ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. MIDI-OX ló ń gbà á lórí Windows, SysEx Librarian lórí Mac. Wáyà USB MIDI olówó pọ́ọ́kú kan máa ń já iṣẹ́ tó gùn báyìí sáàárín, nítorí náà ẹ gbà á lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ fi ìwọ̀n méjèèjì wéra. Bí wọn ò bá dọ́gba, wáyà yẹn kò dára tó. Fáìlì náà kéré, ẹ fi sórí fóònù ènìyàn mẹ́ta nínú ẹgbẹ́.

Wáyà MIDI kò gbọ́dọ̀ gùn ju mítà 15 lọ, ibi tí òfin rẹ̀ fi í sí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí module wà nítòsí atẹdùùrù, kí wáyà ohùn ni yóò rìn jìnnà lọ sí míkísà. Ẹ fi aṣọ bò ó bí òde bá tán, kì í ṣe nígbà tó ń ṣiṣẹ́, torí ó nílò atẹ́gùn. Kí orúkọ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ àti ilé tó ń sùn wà nínú ìwé akọ̀wé, kí tiransífọ́mà àti wáyà rẹ̀ máa bá a gbé inú àpótí kan náà, kí ó má di pé lọ́jọ́ òde, module wà ní ilé ẹnì kan, tiransífọ́mà wà ní ilé ẹlòmíràn tó ti lọ sí Ìbàdàn.